Aṣọ́nà Ló Gbé Kòkòrò Wọlé

Ní ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo máa ń dáhùn pé aṣọ́nà ni mí. Wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á rí obìnrin kúkúrú tó ń lo awò ojú, tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í dùn mọ́ mi nínú, nítorí òótọ́ ni mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan lẹ́bàá èbúté Abidjan ló gbà mí síṣẹ́. Kì í ṣe èyí tí gbogbo ìlú ń lo iná rẹ̀ o. Ẹ̀rọ amúnáwá ńlá mẹ́rin péré ni tiwa, a sì ń ta iná fún ilé-iṣẹ́ mélòó kan àti fún àwọn yàrá òtútù tí wọ́n ń kó ẹja òkun pamọ́ sí. Bí iná wa bá kú láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, imú gbogbo àdúgbò Treichville á ti mọ̀.

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń darí àwọn ẹ̀rọ náà. “Salle” ni gbogbo wa ń pe yàrá yìí, bí ẹni pé kò sí yàrá mìíràn láyé. Lójú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń rí bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó, epo tó kù nínú àgbá, àti iná tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ohun burúkú kankan má wọ inú wọn. Wọ́n fún mi ní tábìlì, wọ́n fún mi ní orúkọ oyè gígùn lédè Faransé, wọn ò fún mi ní ohun tí mo lè fi ṣọ́ nǹkan kan.

Ilẹ̀ Faransé ni àwọn tó ta kọ̀ǹpútà náà fún wa wà. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún inú rẹ̀, títí kan antivirus, ìyẹn ohun tí ń pa kòkòrò inú kọ̀ǹpútà. Bí a bá fi kún un, àwọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n fi ìwé àdéhùn kan náà dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wáyà kan tún wà tí wọ́n fà láti salle lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, kó lè máa rí iye iná tí a tà látorí àga rẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀gá àgbà wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ ṣòkòtò.

“Madame,” ló wí, “ta ló máa wá gbógun tì wá nínú kọ̀ǹpútà? Ogun tí a mọ̀ ní ìlú yìí, ìbọn ni wọ́n fi ń jà á.”

Kò purọ́. Ọdún tó ṣáájú ìdìbò ńlá ni. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ìlú ṣì pín sí méjì nínú ọkàn gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tó ní àyè láti máa bẹ̀rù ohun tí kò ṣeé fojú rí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà fún mi ni ìkìlọ̀ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri salle: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki clé bọ kọ̀ǹpútà. Clé ni à ń pe ohun kékeré bí ìka ọmọdé yẹn, tí a ń kó ìwé àti ohùn sí. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹnì kan ti gbé kàlẹ́ńdà ilé ìtajà táyà kọ́ bo ìkìlọ̀ mi mọ́lẹ̀.

Òṣìṣẹ́ márùn-ún ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nínú salle, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ọmọ Ìgbòho ni, bíi tiwa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé, nígbà tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara ẹ̀rọ yá. Nígbà tí bàbá mi kú, tí mo jáde ilé-ìwé tí mo ń fi ìwé ẹ̀rí mi rìn kiri bí ẹni ń ta ẹ̀pà, òun ló wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ìgbà náà lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra, títí wọ́n fi ní kí n wá kọ́ṣẹ́. Kò sọ fún mi rárá. Akọ̀wé ọ̀gá ló sọ fún mi lẹ́yìn ọdún kan. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan kí ẹ tó lè mọ bí mo ṣe gbé kòkòrò wọlé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí oníṣòwò kan bá ń lọ sílé láti Treichville, wọn kì í fi lẹ́tà rán an, nítorí púpọ̀ nínú àwọn àgbà kò mọ̀wé. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fún un. Bó bá dé Ìgbòho, agbo ilé á jókòó yí rédíò ká, oníkálukú á bá ẹni tirẹ̀ sọ̀rọ̀: ẹni tó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tó ń bínú pé wọn ò ránṣẹ́ sóun. Kásẹ́ẹ̀tì náà á padà wá sí Abidjan, á máa ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á gbọ́ ìpín tirẹ̀, á sì gbọ́ ti aládùúgbò pẹ̀lú, kó má baà sí àṣírí. Nígbà tí fóònù dé, a rò pé àṣà náà máa parẹ́. Kò parẹ́. Fóònù ń jẹ owó, kì í sì í jẹ́ kí àgbàlagbà sọ̀rọ̀ tán. Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló di clé. Clé kan ṣoṣo, ilé mẹ́rìnlá, ọ̀dájú sì ni ẹni tó bá fi sọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, màmá mi gbé clé yẹn lé mi lọ́wọ́. Ó ti so òwú pupa mọ́ ọn nídìí kó má baà sọnù.

“Gbé e fún ọ̀rẹ́ bàbá rẹ níbi iṣẹ́,” ló wí, “kó tó di vendredi, lọ́la. Ìyá wọn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Walaí, bí o bá sọ ọ́ nù, mi ò ní lè kọjá níwájú ìsọ̀ ẹnikẹ́ni ní marché mọ́.”

Ìyá arúgbó yẹn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nítorí ogun àti wàhálà ojú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ bàbá mi kò tíì fojú kàn án láti ọdún mẹ́fà. Mo gba clé náà. Nítorí pé mo mọ iṣẹ́ mi, mo kọ́kọ́ fi sínú kọ̀ǹpútà tèmi nílé, mo ní kí antivirus yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Inú mi dùn, mo tún fi ọwọ́ gbá àyà fún ara mi. Ohun tí mo gbójú fò ni pé ayédèrú tí mo rà ní ọjà Adjamé ni antivirus yẹn, ó sì ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti gbàgbé gbogbo ohun tó jẹ́ tuntun láyé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kò ní nílé, òde ni mo ń lọ kó o fún àwọn ènìyàn.

Ọlọ́dẹ tú báàgì mi ní géètì. Ó rí clé náà, ó sì rọra dá a padà sí àyè rẹ̀. “Ah, madame informatique,” ìyẹn ìyá oníkọ̀ǹpútà, ló wí, ó sì ṣí ọ̀nà fún mi.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ń jẹ attiéké lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn salle, ó ku díẹ̀ kó wọṣẹ́ ọ̀sán. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ọmọ mi, c'est comment?”

“On est là, a dúpẹ́, Bàbá. Màmá ní kí n gbé èyí fún yín. Láti Ìgbòho ni.”

Ó ta omi sí ọwọ́, ó nù ún mọ́ aṣọ, lẹ́yìn náà ló tó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. “Ìyá mi wà níbẹ̀?”

“Màmá ní ìpín tiwọn gùn.”

Ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. Mo sì ní, “Ẹ máa gbọ́ ọ nílé o, Bàbá.”

“Nílé? Pẹ̀lú kí ni? Rédíò tèmi, kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti ṣe é. Mo mọ̀ pé kò ní kọ̀ǹpútà nílé. Mo mọ ibi kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀. Èmi ni mo kọ ìkìlọ̀ tó wà lábẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, mo sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n máa sọ fún àgbà pé kó má gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀? Mo ní kó jẹun dáadáa, mo sì bá tèmi lọ.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dì. Kò kú o; nọ́ńbà wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò yí padà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbóná sí i ń sọ pé òun tutù. Kí n tó sáré dé salle, èkejì ti dì, ẹ̀kẹta ń tan tó ń kú, kọ̀ǹpútà ọ̀gá àgbà lókè náà ti dì pẹ̀lú. Mo jókòó sí ìdí ọ̀kan, mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀. Kò sí ohun tó dá mi lóhùn. Mo pe ilẹ̀ Faransé. Ọmọkùnrin kan tó ní sùúrù púpọ̀ ní ẹni tó mọ̀ nípa tiwa ti lọ fún ìsinmi, ó ní kí n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́, kí ọ̀gá mi fọwọ́ sí i. Mo ní iná fẹ́ kú. Ó ní òun gbọ́, kí n fi ìwé ránṣẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì wo ọwọ́ ara mi méjèèjì. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ló wúlò. Ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n ti ṣẹ̀, ó pín àwọn ọkùnrin sí ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n máa ka mítà tó wà lára ẹ̀rọ fún òun lórí rédíò ọwọ́. “Le deux? Ìkejì ńkọ́?” “Quatre-vingt-onze, vieux père!” “Trop chaud, ó ti gbóná jù. Din ín kù, din ín kù! Baisse!” Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé àtijọ́ kan, ó ń gbé etí sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́rin ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀, yàrá òtútù méjì sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ àti etí gbé mẹ́ta tó kù títí òòrùn fi wọ̀. Aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.

Nígbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, mo wọ abẹ́ tábìlì lọ wo ẹ̀yìn àwọn kọ̀ǹpútà. Mo rí òwú pupa kó tó di pé mo rí clé náà fúnra rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo sì di í mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́, mo ń rò ó pé bí mo bá jù ú sínú bùbá mi, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ̀yìn rìn jáde, bàtà ọ̀gá àgbà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti na ọwọ́. Mo fi lé e lọ́wọ́.

Wọ́n bẹ̀rù clé yẹn bí ejò. Ọ̀gá àgbà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sínú ẹ̀rọ kankan mọ́. Wọ́n fi sínú àpòòwé, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Kò jáde nínú àpòòwé yẹn mọ́ láéláé, pẹ̀lú ohùn gbogbo agbo ilé nínú rẹ̀. Èyí gan-an ló kọ́kọ́ dáàbò bò wá, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ èdè tó wà nínú rẹ̀, wọn kò ní wá ẹni tó ni ín jìnnà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo yẹ kọ̀ǹpútà ilé mi wò dáadáa, mo bá kòkòrò kan náà nínú rẹ̀, ó ti ń gbé ibẹ̀ bí ọmọ onílé.

Àwọn tó ni ẹja ń bínú, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tiwọn sì ní kí wọ́n mú orúkọ ẹnì kan wá. Ọ̀gá àgbà ní òun máa pe òṣìṣẹ́ márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣojú àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tó gbọ́n nínú òfin, ti sọ fún wọn ṣáájú pé kò sí ẹ̀rí kankan. Bí kálukú bá ṣáà ti dákẹ́, ìkìlọ̀ ni wọ́n máa fún gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní kí èmi náà wà níbẹ̀, torí èmi ni mo mọ̀ nípa kòkòrò.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni ẹnì kẹta tó wọlé. Aṣọ Jímọ̀ ló wọ̀. Ọ̀gá àgbà bọ̀wọ̀ fún un, ó ní kó jókòó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló gbé àpòòwé náà sókè.

“Ṣé tiyín ni?”

“Ce n'est pas à moi, monsieur le directeur.”

Kò purọ́. Kì í ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, ti ilé mẹ́rìnlá ni.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà?”

Ó dákẹ́. Irọ́ kò sí lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti gbọ́ ìmọ̀ràn aṣojú òṣìṣẹ́. Ó wo fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Akọ̀wé ti gbé kálàmù kúrò lórí ìwé. Ká ní mo lè fara da ìṣẹ́jú kan péré sí i, ọ̀gá àgbà ìbá ní kó máa lọ, mo dá a mọ̀ lójú rẹ̀ pé ó ti sú u. Ṣùgbọ́n mi ò lè fara dà á. Pé àgbà yìí jókòó síbẹ̀ bí olè nítorí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé wọlé, ó ń jó mi nínú.

“Monsieur le directeur,” ni mo wí, “clé yẹn, c'est…”

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kò yí ojú padà sí mi. Ó ṣì ń wo fèrèsé nígbà tó fi Yorùbá sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí ènìyàn: “Bí o bá sọ ọ́, èmi àti ẹ ò mọ ara wa mọ́. Má sì wá síbi òkú mi.”

Ọ̀gá àgbà ń wò ó, ó tún ń wò mí, ó fẹ́ mọ ohun tó sọ. “Qu'est-ce qu'il dit?”

Mo la ẹnu. Mi ò ronú rárá.

“Il demande pardon, monsieur.”

Ó ń tọrọ àforíjì: ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀, ó rọ̀ sẹ́yìn nínú àga, ó sì sọ fún akọ̀wé pé kó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì tọrọ àforíjì.

Ẹyin lohùn. Mo rí i bó ṣe fọ́ sílẹ̀ lójú mi. Ọ̀rẹ́ bàbá mi gbọ́ Faransé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú sí mi. Bó bá ní òun kò tọrọ àforíjì, wọ́n á bi í pé kí ló wá sọ, bó bá sì sọ ohun tó sọ, èmi ni mo bọ́ sínú ọ̀fìn. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó wá awò ojú rẹ̀ nínú àpò, ó kà á láti òkè, nígbà tó dé ìlà yẹn, kálàmù dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tọ́?” ọ̀gá àgbà bi í, tìfẹ́tìfẹ́.

“Non,” ló wí, ó sì fọwọ́ sí i.

Faute lourde ni wọ́n pè é, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kó máa lọ, láìsí ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì, láìsí ìdágbére. Mo lọ bá ọ̀gá àgbà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. “Yako, ẹ pẹ̀lẹ́, madame,” ló wí, “ìwé ti lọ sọ́dọ̀ adójútòfò. Orúkọ kan ni wọ́n ní ká mú wá, wọ́n sì ti rí orúkọ kan. Ṣé ẹ fẹ́ kí n gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni méjì nítorí clé kan?” Mo ní kó kọ orúkọ tèmi dípò tirẹ̀. Ó ní ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé ti fọwọ́ sí i. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó sì gbé omi tútù fún mi. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn ará ilẹ̀ Faransé dé, wọ́n fi antivirus tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún sínú gbogbo kọ̀ǹpútà, wọ́n yọ wáyà ọ̀gá àgbà. Wọ́n tún fún mi ní lẹ́tà ìyìn. Ó wà lọ́dọ̀ mi di òní, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n lé ọ̀rẹ́ bàbá mi kí n tó ní ìgboyà láti lọ sí ilé rẹ̀ ní Marcory. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni. Ó jókòó sí ìta lórí àga onírọ́bà. Mo kúnlẹ̀, mi ò sì dìde.

“Dìde, jàre. Les gens, gbogbo àdúgbò ń wò wá.”

“Bàbá, ẹ forí jì mí.”

“Mo ti forí jì ọ́. Clé yẹn, èmi ni mo fi í sínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ìwọ.” Ó ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi. “Mo gbọ́ ohùn ìyá mi dé ibi tí wọ́n ti ń ki oríkì mi kí ẹ̀rọ tó dì. Ìyẹn tó.” Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. “Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, o lè ní mò ń bi ọ́ léèrè aago tó lù. O lè ní mo fẹ́ tọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìyẹn ló bọ́ sí ọ lẹ́nu?”

Mo fẹ́ ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo sọ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ fún bàbá mi. Bí ọlọ́pàá bá dá takisí dúró, tó ní kí Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, mú carte de séjour, ìwé ìgbélùú, jáde, bàbá mi á fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sókè: “Sọ fún un pé mo ti ń san owó orí ní ìlú yìí kí ìyá ẹ̀ tó lóyún ẹ̀!” Ọlọ́pàá á ní, “Qu'est-ce qu'il dit?” Èmi náà á gbé ojú sókè, màá ní, “Il demande pardon, chef.” Ọlọ́pàá á rẹ́rìn-ín, á ní ká máa lọ. Ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀, ní ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ onílé bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí bàbá mi ìbáà sọ, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún un, kò sì sí ìgbà kan tí kò ṣiṣẹ́. Mo ní mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni, torí kò gbọ́ Faransé.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi wò mí, ó sì mi orí.

“Bàbá rẹ gbọ́ Faransé, ọmọ mi,” ló wí. “Ó gbọ́ ọ jù mí lọ. Kò kàn fẹ́ kí pardon yẹn ti ẹnu òun jáde ni.”